Ọkọ̀ Búlúù Tí Eruku Kì Í Bà Lé

Ọyẹ́ ti mú gidi ní Kánò lọ́jọ́ tí Adékànmí mú Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ lọ wo ọkọ̀. Eruku bo òrùlé, ó bo ewé dógóyárò, ó gbẹ ètè àwọn ènìyàn títí tó fi ń la. Nínú ọgbà tí Collins ti ń ta mọ́tò, lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, ọkọ̀ asáré méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀. Ọ̀kan pupa, ti Japan ni. Èkejì búlúù, ti Jámánì ni. Eruku ti sọ ti pupa di àwọ̀ iyanrìn, ṣùgbọ́n ti búlúù ń dán bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde.

Ṣìkẹ́mi rí i. Ó kàn rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni.

Bàbá bàbá Adékànmí ló kúrò ní Ọ̀fà wá sí Sabon Gari láyé ọkọ̀ ojú irin, ìdílé wọn sì ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní ọjà Singer láti ìgbà náà. Adékànmí gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ń tà, àmọ́ mọ́tò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Orí fóònù ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ti sọ àgbàlá ilé wọn ní Yoruba Road di ibi tó ti ń tú ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún un tò. Lọ́dún yìí, ó fẹ́ ra ti ara rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí á máa wà lójoojúmọ́, tí á sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí padà nílé títí tí irú rẹ̀ kò fi ní sí ní Kánò.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa. "Wò ó, Ìyá Tiwa. Àyè wà nínú ẹ̀, ọwọ́ èèyàn á wọlé dáadáa. Kò sí ohun tí mi ò lè tú nílé níbí. Pátì ẹ̀ sì wà káàkiri."

"Ti búlúù ńkọ́?" Collins ló bi í.

Collins jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ọmọ Bàbá Kátíkíìsì àtijọ́. Ọkùnrin tó rẹwà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, ìbàdí rẹ̀ ti tẹ̀, awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há bíi ti ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Jàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Sáríà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ.

"Ti búlúù di títì mú ju èyí lọ," Adékànmí dá a lóhùn. "Kò sí tàbí-ṣùgbọ́n, òun ló dùn ún wà. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló kún inú ẹ̀. Téèyàn bá tú nǹkan kékeré, gbogbo iná á máa tàn."

"Jókòó sínú ẹ̀ ná, ọ̀rẹ́ mi. Di sítíárìn mú."

Adékànmí wọlé. Bí ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, òórùn kan bọ́ sí Ṣìkẹ́mi nímú láti ojú fèrèsé, bíi òrí tó jóná, bíi irin tó wà nínú òjò. Ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ ra sítíárìn náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí nínú oorun ọ̀sán.

"Èwo lo mú?" Collins béèrè.

Adékànmí na ìka sí ti búlúù.

"Rárá, má nàka." Òógùn ti bo iwájú orí Collins nínú ọyẹ́ yẹn. "Méjèèjì ló wà níwájú ẹ. Fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́."

"Bàbá Tiwa, ẹ jẹ́ ká lọ fi òru rò ó," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Búlúù," ni Adékànmí sọ. "Búlúù ni mo yàn."

Collins fara ti ọkọ̀ pupa. Ó yọ awò dúdú kúrò lójú, ó sì gbójú sókè sí oòrùn láìṣẹ́jú. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣìkẹ́mi rò pé ayọ̀ ọjà tó tà ni.

*

Iná iwájú ni Adékànmí kọ́kọ́ pààrọ̀. Ó fi àwọn tuntun tó funfun báláú sí i, gbogbo ọmọ àdúgbò sì jáde wá wòran. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń nu ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Kò pẹ́ tí kò fi lè ka ohun tó wà lára páálí mílíìkì mọ́.

Lẹ́yìn náà, ó tú àwọn sípíríǹgì, ó fi èyí tó kúrú sí i kí ọkọ̀ náà lè sún mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà dùn ún wò lóòótọ́, ó rá pálá sórí ilẹ̀ bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìbàdí Adékànmí tẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí òun ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ló fà á.

Ṣìkẹ́mi ń gbálẹ̀ àgbàlá láràárọ̀. Eruku bo àga, ó bo ìkòkò omi, ó bo aṣọ orí okùn. Kò bà lé ọkọ̀ búlúù. Alángbá tó máa ń yáàrùn lórí ògiri ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò wá mọ́. Ní ọjọ́ kan ó mọ̀ọ́mọ̀ bu erùpẹ̀ lọ́wọ́, ó dà á sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yíjú, ó tún yíjú padà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń dán. Kò sí erùpẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí nílẹ̀.

Adékànmí kò lọ sí Singer mọ́. Inú ọkọ̀ ló ti ń jẹun. Tiwa, ọmọ wọn obìnrin, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí Hausa yá lẹ́nu rẹ̀ jù, wọlé wá bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mama, Baba ya ƙi fitowa daga mota."

"Kò fẹ́ jáde? Ṣé o sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀?"

Tiwa mi orí. "Yana magana da motar," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ṣìkẹ́mi jáde. Lóòótọ́ ni, ọkọ rẹ̀ gbé ètè lé sítíárìn, ó ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀.

Ó fipá mú un wọ kẹ̀kẹ́ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n lè lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn ò tíì kúrò ní Sabon Gari tán tí Adékànmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún èémí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí iná mànàmáná mú. Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Innalillahi!" ó sì yí padà láì dúró gbọ́ àṣẹ. Bí wọ́n ti dé ẹnu géètì tí ó rí ọkọ̀ búlúù, èémí rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá.

"Má tún gbé mi kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́," ó ní. "Ṣìkẹ́, mo bẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti ti àwọn mọ́lé.

*

Collins ń wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó ń rìn gbọnrangandan. Awò dúdú ti kúrò lójú rẹ̀, ó sì ń kọrin ìyìn láti ẹnu géètì wọlé, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin kí ohùn rẹ̀ tó há.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá dà?"

Òun ló mú sálẹ́ńsà tuntun wá, ó ní ẹ̀bùn ni. Òun àti Adékànmí ló jọ dè é mọ́ ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n sáná sí i, ó bú ramúramù débi pé àwọn ará Yoruba Road yọjú láti ojú fèrèsé. Adékànmí rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu kó pe Tiwa wá gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún là á. Afẹ́fẹ́ náà ni.

Ṣìkẹ́mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà lára. Collins ló ń wò. Collins fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé itọ́ mì, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bọ́ ẹrù sílẹ̀.

"Má ṣèyọnu, ọ̀rẹ́ mi, òtútù ni," Collins ní. "Ohun kan ló kù. Ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wà nínú ẹ̀ yìí ò lágbára tó. Mo ti bá ẹ wá tuntun, ó ń bọ̀ láti Èkó. Lọ́jọ́ Sátidé, àá gbé e sí i."

Adékànmí ń mi orí bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí aṣọ ọdún fún.

Ṣìkẹ́mi padà wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Iná, ojú. Sípíríǹgì, ìbàdí. Sálẹ́ńsà, ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà ara rẹ̀ láì mọ̀. Ó gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù, kì kì kì, ó sì mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì máa mú lọ.

*

Matilda, ìyàwó Collins, ti ń yẹra fún un ní ìjọ Àládùúrà tí wọ́n jọ ń lọ. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin, Ṣìkẹ́mi tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n ń sá sùtánà funfun sí. Àárín àwọn aṣọ náà ló ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí Matilda, ẹ dákun. Kí ni Bọ̀dá Collins tà fún ọkọ mi?"

"Fi mí sílẹ̀, Ṣìkẹ́mi."

"Ọmọ kan ni mo ní, ẹ̀yin lẹ kó o jáde. Ẹ wo ojú mi."

Matilda kò wò ó. Ó fà sùtánà kan bo ara wọn méjèèjì bí ẹni tó ń sá fún oòrùn.

"Kò sí jàǹbá kankan ní ọ̀nà Sáríà," ó ní. "Ọkùnrin kan ní Kàdúná ló gbé ọkọ̀ méjì síwájú Collins, ó ní kó fi ẹnu ara ẹ̀ mú ọ̀kan. Ó mú búlúù. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tó bá fi kún ọkọ̀ yẹn, ara ẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Kò lè rìn jìnnà sí i, kò lè jù ú nù. Ẹlòmíì nìkan ló lè gbà á, tó bá yàn án fúnra ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí kò bá sí méjì, kò lè mú un."

"Ó sì wá gbé e fún ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fẹ́ràn mọ́tò jù."

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá àwọn aṣọ funfun náà mọ́ wọn lára. Ṣìkẹ́mi béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù láti béèrè. "Tí ẹ́ńjìnnì bá wọlé ńkọ́?"

"Tí ẹ́ńjìnnì bá wọlé, ó parí nìyẹn. Collins bọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, ọkọ rẹ ṣì lè kọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ kọ̀ ọ́, ọkọ̀ pupa yẹn gan-an sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ti kọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ Collins ló ń padà sí. Ìdí tí Collins fi sáré gba ohùn ẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ bá mi gbé ọkọ̀ pupa wá, Àǹtí mi."

"Ọkọ mi ni, Ṣìkẹ́mi."

"Mo mọ̀."

Matilda ká etí sùtánà náà mọ́ ọwọ́. "Ó ń kọrin nílé," ó wí níkẹyìn. "Láti ìgbà tí ohùn ti kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ, kò dákẹ́ orin. Ó ń kọ ọ́ ní ilé ìwẹ̀, ó ń kọ ọ́ lórí oúnjẹ. Mi ò lè gbọ́ orin yẹn mọ́." Ó tú aṣọ náà kúrò lórí wọn. "Ìyá kan wà ní Gwagwarwa, Bàṣírátù lorúkọ ẹ̀, ó ń din kúlíkúlí. Lọ bá a nípa ohùn. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ."

*

Ọmọ Ìlọrin ni Bàṣírátù, ṣùgbọ́n ọkọ Hausa ló fẹ́, ó sì ti pẹ́ ní Gwagwarwa débi pé bó bá sọ gbólóhùn Yorùbá kan, Hausa á parí rẹ̀. Kò béèrè orúkọ. Ó gba àkísà tí Adékànmí fi ń nu ọkọ̀, èyí tí Ṣìkẹ́mi fi pamọ́ sínú ìró, ó sì gbé e sún mọ́ iná ààrò rẹ̀. Iná náà tẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ahọ́n iná tẹ̀ sí apá kejì bí ọmọdé tó rí pàṣán.

Bàṣírátù ju àkísà náà sílẹ̀ kíá.

"Ta ló yan eléyìí? Wallahi, ọmọ mi, nǹkan tó ń jẹ irin, tó ń jẹ èèyàn pọ̀ ni. Mi ò lè lé e."

"Ìyá, ohùn ọkọ mi nìkan ni mo wá bẹ̀ yín fún."

Obìnrin náà wọlé lọ. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú yàrá, ó ń sọ nǹkan tí Ṣìkẹ́mi kò gbọ́, ó ń fọwọ́ lu nǹkan. Nígbà tó jáde, ó mú ìwọ̀n bíńtín oògùn dúdú kan dání, tó dì sínú awọ ewúrẹ́.

"Ẹnu ibi tí ọkọ̀ ti ń tú èéfín ni kí o fi èyí pa, nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí iná. Ọwọ́ lásán ni o. Á jó ẹ, má yọwọ́. Ohùn á jáde. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: mo lè ṣí ẹnu ẹ̀, mi ò lè bá a yan ohun tó máa fi í sọ." Ó wo òpópónà lẹ́yìn Ṣìkẹ́mi. "Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí ti mọ̀ pé o wà níbí. Tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ẹ lójú, yí inú gèlè rẹ síta. Maza, tètè lọ."

Oòrùn ọ̀sán ni Ṣìkẹ́mi fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré ni. Ó kọjá ibi tí wọ́n ń ran bàtà, ó kọjá aláta, ó yà sápá òsì láti bọ́ sí Sabon Gari, ó sì gbójú sókè. Ọgbà mọ́tò Collins ló wà níwájú rẹ̀, ní Airport Road.

Ó rò pé àárẹ̀ ni. Ó yí padà, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ kan, ó wọ kẹ̀kẹ́ náà, ó ní "Yoruba Road." Wọ́n rìn, wọ́n yà, wọ́n tún yà. Ẹnu géètì Collins ni kẹ̀kẹ́ dúró sí, oníkẹ̀kẹ́ sì búra pé ibẹ̀ ló dárúkọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Collins fúnra rẹ̀ ló dúró sí ẹnu géètì. Ó ń jẹ wáínà nínú bébà, epo sì ń kán ní ìka rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrìn o. Ó dà bíi pé ẹ ń wá mi."

"Mo... ọjà ni mo lọ."

"Ọjà Gwagwarwa? Kí lẹ rà? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Ó nawọ́. Ọwọ́ náà kò yára, kò sì fà sẹ́yìn. "Ẹ sáà mọ̀ pé ọ̀nà kankan ò sí tí kò ní gbé yín wá síbí lónìí."

Ẹsẹ̀ Ṣìkẹ́mi kọ̀. Ó fẹ́ sá, ilẹ̀ dì í mú. Ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń lọ sí àyà, níbi tí ó fi oògùn náà pamọ́ sí, láti yọ ọ́ fún un. Ọwọ́ òsì nìkan ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó fi í fa gèlè kúrò lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì dà á borí bí ìbòjú.

Nígbà tó ṣí ojú, Yoruba Road ló wà. Tiwa ń fo okùn níwájú ilé.

*

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ́ńjìnnì tuntun ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lórí ṣéènì, lábẹ́ igi irin tí Adékànmí fi ń gbé ẹrù ọkọ̀. Collins ló di ṣéènì mú. Ó ní kò sídìí láti pe mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ méjì tó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ búlúù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Adékànmí tẹ̀ kọdọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí fírífírí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Sáná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ká gbọ́ ti àtijọ́ yìí kó tó dágbére," Collins sọ. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni lójú rẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà ti bú, ọkọ̀ mìíràn dún lẹ́nu géètì. Matilda ló ń wà á. Ó gbé ọkọ̀ pupa wọlé, ó sún un títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti búlúù, imú rẹ̀ sì wọ abẹ́ igi irin.

"Matilda!" Collins ké. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ṣéènì, kò lè fi í sílẹ̀. "Kí lò ń ṣe? Gbé e jáde!"

Matilda pa ọkọ̀ náà, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí òrùlé ilé.

Ṣìkẹ́mi ti wà lórí orúnkún lẹ́yìn ọkọ̀ búlúù. Ó tú oògùn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà tó ń tú èéfín. Ó gbọ́ bí ẹran ara rẹ̀ ṣe ń dún. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò yọwọ́.

"Ṣìkẹ́!"

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, ó mọ́ kedere. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ débi pé ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Bàbá Tiwa! Ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́! Ọkọ̀ pupa rèé níbí. Ẹ sọ pé pupa lẹ yàn!"

Adékànmí wo ọkọ̀ pupa. Ó wo ti búlúù. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Agbára ọkọ̀ náà kò sí lójú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ṣìkẹ́mi rí i dájú, ojú ọkọ rẹ̀ tó mọ̀ ni.

"Ṣìkẹ́, jọ̀ọ́, má bínú," ó ní. "Búlúù ni."

Lẹ́yìn náà ni Collins bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣéènì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdúró yọ ti àtijọ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lókè àwọn ọkọ̀ méjèèjì. Adékànmí fọwọ́ mú àyà. Ètè rẹ̀ ti ń di eérú.

Ṣìkẹ́mi dìde. Méjèèjì ló wà níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ràn mọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tó jóná lé òrùlé ọkọ̀ náà.

"Búlúù," ó wí. "Èmi Ṣìkẹ́mi, búlúù ni mo yàn."

"Rárá o!" Collins ṣí ọwọ́ láti dí i lẹ́nu. Ṣéènì já lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì já bọ́, kò bọ́ sínú ọkọ̀ búlúù, iwájú ọkọ̀ pupa ló bọ́ lé, ó sì wọ̀ ọ́ dé ilẹ̀. Gíláàsì fọ́n ká, iná gba ibi epo tó ń dà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn títí tó fi di egungun irin.

Nínú èéfín yẹn ni Adékànmí ti nàró.

*

Kò sí ẹni tó rí Collins ní Kánò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà. Matilda padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìlọrin.

Ṣìkẹ́mi kò lè kọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yàn án kò sí mọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gé e lọ. Ó lè gbé e fún ẹlòmíì. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá, ọmọ ìjọ ni púpọ̀ nínú wọn. Olúwatóbi tó ń tẹ dùùrù lọ́jọ́ Àìkú wá nígbà tí kò níye, ọkọ̀ asáré dúdú kan ló ń gbé wá, ó ń sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, ẹ kàn jẹ́ kí n gbé méjèèjì síra wọn kí n wo èyí tó wù mí." Ṣìkẹ́mi lé e jáde tòun ti ìgbálẹ̀.

Lójoojúmọ́ ló ń wà á lọ sí Singer, ó sì ń kó páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà sẹ́yìn rẹ̀. Ọjà ń rẹ́rìn-ín. Kò fi nǹkan kan kún un. Gílóòbù tó bá kú, bẹ́ẹ̀ ló ń wà á. Ìjókòó tó bá ya, ó fi àpò ìrẹsì lé e. Nítorí náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí rẹ̀ nà, ohùn rẹ̀ já gaara. Kìkì pé nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣègbéyàwó ní Ọ̀fà, orí fóònù ló ti wò ó, nínú ọkọ̀ náà, níwájú ilé, nítorí ó ti gbìyànjú láti rin ìrìn àjò, ẹ̀jẹ̀ imú ni wọ́n fi gbé e padà. Wíwà á lọ sí Ọ̀fà kò sì ṣe é ṣe. Bó bá ti dojú kọ ọ̀nà tó jáde ní Kánò, ọkọ̀ tó ti Kàdúná wá yìí á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Adékànmí ti padà sẹ́nu ọjà. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, àfi nípa ọkọ̀. Nígbà mìíràn tó bá ń ti géètì, ó máa ń dúró níbẹ̀ wò ó díẹ̀, Ṣìkẹ́mi á sì pè é wọlé.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ọjọ́ tí gósílóò mú un ní Airport Road. Ọkùnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ mọ́tò ń kọjá láàárín àwọn ọkọ̀, ó sì gbé ìbòrí sítíárìn onírun sókè lójú fèrèsé. "Madam, sannu da aiki! Your steering don old. This one go sweet your hand."

Ṣìkẹ́mi mi orí. Gósílóò kò lọ. Ó wo sítíárìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ó ti gbó. Ibi tí àpá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń kàn án ti bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí awọ ara. Ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà rọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ológbò tó fẹ́ sùn. Kò tíì gbọ́ ọ kó dún báyìí rí. Ó dùn létí.

Ọkùnrin náà ti kọjá lọ sí ọkọ̀ ẹ̀yìn. Fèrèsé Ṣìkẹ́mi ń sọ̀ kalẹ̀, òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń ké sí i:

"Ẹ dúró. Ṣé ẹ ní dúdú?"